Ṣé a lè sọ ọmọ wa ní Dylan?

Bàbá Tuntun, Swansea: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Sátidé yìí la ó sọmọ lórúkọ, Mọ́ńdè la ó lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Dylan lẹnu wa kò lé lórí. Àfi bí agbẹ̀bí tó wá wo ọmọ, ọmọ Wales pọ́ńbélé, ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní Dylan àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ṣèrìbọmi fún un tán ló bọ́ sókun, tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja, àti pé arákùnrin ìyá rẹ̀ ló pa á. Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin sì ń gbé lọ́dọ̀ wa!

Ìyá Ìbejì, Newport: Ẹ kú oríire. Orúkọ ń ro ọmọ o. Ẹ yáa wá òmíràn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Swansea: Ìyá wa, ẹ fara balẹ̀. Ìtàn inú Mabinogi, àwọn ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Wales, ni. Arianrhod ló bí i, Gofannon alágbẹ̀dẹ ló lù ú pa. Òkun àti ìgbì ni orúkọ náà ń sọ. Wọ́n ní ìgbì kankan ò fọ́ lábẹ́ rẹ̀ rí. Àwa náà ń jẹ́ Omíyalé, Omítóògùn, Omídìran. Èwo ló bá omi lọ nínú wọn? Uplands níbí ni wọ́n bí akéwì Dylan Thomas sí ní 1914. Inú ìtàn yẹn ni bàbá rẹ̀, tíṣà, ti yọ orúkọ náà nígbà tí kò wọ́pọ̀ rárá. Òkìkí akéwì yẹn ló gbé e jáde kúrò ní Wales, kí ọmọ Zimmerman tó di Bob Dylan, olórin, l'Ámẹ́ríkà.

Ìyá Ìbejì, Newport: Dylan Thomas tó mutí, tí kò pé 40 tó fi kú sí New York ní 1953? Ẹ fi ẹlòmíì ṣàpẹẹrẹ.

Bàbá Rhys, Bristol: Ẹ fi ti òkun sílẹ̀. Èwo lẹ máa kọ síwájú? Èmi kọ Rhys síwájú, Ayọ̀mídé sáàárín. Iléèwé, dókítà, Rhys ṣáá ni. Ìyá mi pè láti Ìjẹ̀bú-Òde, "Ayọ̀mídé, ọmọ mi," ọmọ ò yíjú. Mo sáré lọ pé kí wọ́n yí i, ọdún kan ti kọjá. Ó di deed poll, ìwé òfin tí wọ́n fi ń yí orúkọ padà, ó di páálí tuntun, owó lórí owó.

Àǹtí Peckham: Kì í ṣe ẹ̀bi ìwé. Ẹ ò pè é ní Ayọ̀mídé nílé ni. Àárín ni ti ọmọ tèmi wà, òun náà là ń pè, tíṣà rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n pè dáadáa.

Bàbá Rhys, Bristol: Àǹtí, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nígbà náà. Ta ni ì bá máa pè é?

Àǹtí Peckham: Ìyá rẹ̀ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Cardiff: Ẹ má jà. Bàbá Tuntun, ọjọ́ 42 lẹ ní, kò pọn dandan kó jẹ́ Mọ́ńdè. Tẹ́ ẹ bá yí orúkọ padà láàárín oṣù 12, ti àkọ́kọ́ ò ní pa rẹ́. Wọ́n á kàn kọ tuntun kún un ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èdè Wales lórí ìwé náà, ẹ tètè sọ. Lọ́dọ̀ wa ní Cardiff, wọn kì í jáfara.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Swansea: "Lọ́dọ̀ wa ní Cardiff." Ẹ wá wo etíkun Mumbles níbí nígbà tóòrùn bá ń wọ̀.

Nọ́ọ̀sì Cardiff: Ṣé etíkun ṣeé rò lámàlà ni? City Road lẹ ń wọkọ̀ wá fún ẹ̀lùbọ́.

Àǹtí Peckham: Ní Rye Lane, àmàlà ti délẹ̀ kẹ́ ẹ tó jà tán.

Ìyá Ìbejì, Newport: Ẹ ti mú ilé wá sí mi lọ́kàn. Ní Ìsẹ́yìn, ìyá bàbá mi á da omi sórí òrùlé, á gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀ kí ó kán sí i lára, ọmọ á figbe ta, gbogbo agboolé á hó yèè. Olúkúlùkù á sọ orúkọ tiẹ̀, owó á máa ró nínú abọ́ omi. Orí Zoom la ti sọ ìbejì mi lórúkọ. Èmi nìkan ni mo fi oyin tọ́ wọn lẹ́nu.

Bàbá Tuntun, Swansea: Ìyá wa, omi náà ni mò ń sá fún o! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní orógbó àti ataare?

Nọ́ọ̀sì Cardiff: Orógbó wà. Ataare ló tán.

Àǹtí Peckham: Ataare wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ ní kọ̀rọ̀, kó lè bá ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́ àárọ̀ ọ̀la lọ.