Lórí “àkóràn olú-awọ”: “ràn” yìí ni mi ò gbà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi,

Ẹ̀gbọ́n wa gbé ọ̀rọ̀ tuntun síwájú wa: “àkóràn olú-awọ lára àwọn agbẹ̀yà-pààrọ̀”. Wọ́n ní ká máa fi pe àìsàn awọ tí fungus (ohun alààyè irú èyí tó ń hù lórí oúnjẹ tó ti bàjẹ́) ń fà, tó ń yọ àwọn tí wọ́n fi kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ tàbí ọkàn ẹlòmíràn sí lára lẹ́nu. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, àmọ́ inú bí mi nígbà tí mo kà á.

Ẹ jẹ́ ká tètè yọ “olú”, tí wọ́n fi pe fungus, kúrò ńbẹ̀. Olú là ń já lára igi tó ti rà. Ta ni yóò sì rí “olú-awọ” tí kò ní kà á bí olú-ìlú? Àwọn baba wa ní “bu”: oúnjẹ bu. Ibẹ̀ ni “èbu”, tí mo fi ń pe fungus, ti wá, dò-re. Kì í ṣe “èbù” tí àgbẹ̀ ń gbìn, ẹ jọ̀wọ́.

“Ràn” ni ìjà mi gan-an. Àkóràn ń sọ pé ẹnìkan ló kó o ran ẹnìkejì. Fún làpálàpá, ó bá a mu, nítorí làpálàpá ń ràn. Ṣùgbọ́n èbu tí wọ́n ń pè ní Malassezia, èyí tó ń sọ awọ di alámì funfun tàbí dúdú, orí awọ gbogbo wa ló ń gbé. Candida, èbu mìíràn, ń gbé ẹnu àti ìfun ọ̀pọ̀ ènìyàn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ta ló wá kó o ràn wọ́n? Oògùn ló fà á. Kí ara má baà kọ ẹ̀yà àlejò, aláìsàn ń lo tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone, ó sì sábà máa ń jẹ́ títí ayé. Ohun tí oògùn wọ̀nyí ń ṣe ni pé wọ́n ń dín agbára tí ara fi ń gbèjà ara rẹ̀ kù.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ gbọ́ “ráyè”! Èbu tó ráyè ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní “èbu-aráyè”. Ẹnìkan ní òun yóò kà á sí “aráyé”. Re-mí-dò kọ́ ni re-mí-mí. Bí ohùn bá ń dí wa lọ́wọ́ báyìí, kí la fẹ́ fi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣe?

Èmi tí mò ń túmọ̀ ìwé ìlò oògùn fún àwọn aláìsàn mọ ohun tí “ràn” lè dá sílẹ̀. Ará ilé á máa yẹra fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abẹ́ iṣẹ́ abẹ dé. Òun náà á gbà pé ibì kan lòun ti kó o, á wá lọ ra oògùn èbu fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni itraconazole, fluconazole àti voriconazole lè mú kí tacrolimus pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì pa kíndìnrín tuntun lára. Dókítà ló gbọ́dọ̀ wọn ọ́n.

“Awọ” náà ń yọ mí lẹ́nu. Kókó tàbí egbò tí a rí lórí awọ lè jẹ́ pé èbu tí wọ́n ń pè ní Cryptococcus ló gba inú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tó wá yọ síta. Àwọn èbu dúdú bí Alternaria sì máa ń gba ojú ibi tí ẹ̀gún gún wọlé. Nítorí náà ni dókítà ṣe ń gé awọ díẹ̀ yẹ̀ wò. “Èbu lára awọ” ni kí a kọ. “Èbu-awọ” á jẹ́ kí wọ́n rò pé òkè lásán ló wà.

Ẹni tó dábàá “èbu-ọ̀tá” ńkọ́? Rárá o. Cyclosporine, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ẹ̀yà àlejò, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1983, láti ara èbu inú ilẹ̀ Norway ni wọ́n ti rí i. Oògùn yẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ fífi ẹ̀yà ẹlòmíràn sí ara aláìsàn gbòòrò.

Ó wá ku “pààrọ̀”. Wọn kì í sábà yọ kíndìnrín àtijọ́ kúrò; ìsàlẹ̀ ikùn ni wọ́n ń fi tuntun sí. Kí ni wọ́n wá fi pààrọ̀ kí ni? “Lọ́” ni ó yẹ, bí Bíbélì ti lò ó nínú Róòmù 11 fún ẹ̀ka igi òróró tí a fi sára igi mìíràn. Nígbà tí dókítà Joseph Murray lọ́ kíndìnrín ìbejì sára ìbejì kejì ní Boston ní 1954, ara kò kà á sí àlejò, nítorí ojú kan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ní “lọ́” ń rán àwọn létí okùn lílọ́. Ṣé àwọn tó túmọ̀ Bíbélì kò mọ okùn ni? Kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ju “lọ́” lọ mú un wá, kó sì sọ ibi tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà.