Afẹ́fò-ogun kọ́: ọkọ̀ ogun aléfòó ni

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo ti ka èsì tí ẹ̀gbọ́n wa fún àbúrò tó ń kọ ìtàn àròsọ nípa ìjọba ńlá kan tó fara jọ ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń jà láti inú ọkọ̀ tó léfòó lókè. Àbúrò ní ká bá òun wá orúkọ fún ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n ní kó pè é ní “afẹ́fò-ogun”, pé “afẹ́fẹ́” àti “fò” lòún so pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú, n kò sì ní fi pamọ́.

Ta ló ní ká gé afẹ́fẹ́ sí méjì? Ọ̀rọ̀ kì í ṣe iṣu tí a ń bù níbi tó bá wù wá. Ẹ gé e tán, afẹ́ ló kù sí yín lọ́wọ́, gbogbo wa la sì mọ afẹ́: afẹ́ ayé, fàájì, ìgbádùn. Ẹni tó bá gbọ́ afẹ́fò, ẹni tó ń fò kiri nítorí fáàrí ni yóò rò. Ọkọ̀ tó ń rọ òjò ọfà sórí odi ìlú! Ibo ni afẹ́ gbà wọ ibẹ̀?

Ẹlòmíràn ní ká kúkú máa pè é ní bàálù ogun. Lóòótọ́, ara balloon òyìnbó ni bàálù ti wá. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ bàálù lónìí tí ìyẹ́ àti ẹ́ńjìnnì kì í sọ sí lọ́kàn? Nínú ìtàn àbúrò, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń gbé ọkọ̀ ró, bíi ti fìtílà Kongming tí àwọn ará Ṣáínà ń tàn sójú ọ̀run, èyí tí wọ́n so mọ́ orúkọ Zhuge Liang, ọlọ́gbọ́n ogun Ṣáínà tí Kongming jẹ́ orúkọ rẹ̀ mìíràn, tó kú ní 234. Kò ní ìyẹ́, kò sì lu apá. Ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká, ó léfòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ Zeppelin àkọ́kọ́ ti àwọn ará Jámánì ṣe gbéra lókè adágún Constance ní 1900, àfi pé gáàsì háídírójìn ni tiwọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dá “ọkọ̀ aléfòó” lábàá. Ẹ̀gbọ́n ní orí omi nìkan ni nǹkan ti ń léfòó. Ẹ gbà mí o! Ṣé kì í ṣe orí omi ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Bàbá tó bí ìyá mi, tó fi ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ jẹun, kò pe ohun mìíràn ní ọkọ̀ ju èyí tí a fi igi gbẹ́. Mọ́tò ló ń pe mọ́tò. Àjẹ̀ ló fi ń tù ú, atukọ̀ sì ni wọ́n ń pè é. Lónìí ọkọ̀ ti gun orí ilẹ̀, ó ti gun ojú irin, ó ti dé òfuurufú, àwọn oníròyìn sì ń pe ẹni tó ń wa bàálù ní atukọ̀. Ẹ kò bá wọn jà. Bí “tù” bá lè kúrò lójú omi, kí ló so “léfòó” mọ́ ibẹ̀? Àwọn ará Ṣáínà gan-an, feiting ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ yìí: ọkọ̀ ojú omi tó ń fò.

Arábìnrin kan kọ ọ́ ní “àléfòó”. Rárá o. Ohùn àárín ló wà lórí a yẹn, bíi ti apẹja, akọ̀wé, atukọ̀. À olóhùn ìsàlẹ̀ ni ti àkọsílẹ̀, ohun tí ẹlòmíràn ṣe. Ọkọ̀ yìí fúnra rẹ̀ ló ń léfòó.

Ní ti ohun ìjà, kí àbúrò ṣọ́ra fún ẹ̀tù ìbọn. Ìwé ogun ìjọba Song ní Ṣáínà, ti 1044, la ti kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń pò ó. Bí ìjọba inú ìtàn bá jẹ́ irú ti Han, tó ti jẹ ní Ṣáínà tipẹ́ kí Song tó dé, akatanpó (ọrun tí wọ́n dè mọ́ igi, tí a ń yìn bí ìbọn) ni kó kó sọ́kọ̀, torí àwọn ọmọ ogun Han lò ó gan-an, àwọn baba wa náà sì ní orúkọ fún un kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ aléfòó alákatanpó. Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!

Ẹ̀gbọ́n tún ní òun ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí àwọn kan nínú wa. A bọ̀wọ̀ fún yín, sà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kò sọ afẹ́ di afẹ́fẹ́.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo hàn wá, láti ẹnu àgbà, tí wọ́n ti gé afẹ́fẹ́ di afẹ́. Títí dìgbà náà, àbúrò, máa kọ aléfòó lọ.