Oníbàárà mi ń mu sìgá nínú búkà, kí ni kí n ṣe?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Búkà ni mo ní ní Ìkẹjà. Bàbá kan ti ń bá wa rà á tipẹ́. Bí wọ́n bá ti jẹ àmàlà wọn tán, sìgá ló kàn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Owó mi ni mo fi rà á, kí ló kàn ọ́?"

Lóòótọ́, n ò lè sọ ohun tí àgbàlagbà máa fi ara ẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n èéfín ò mọ ẹni tó ra sìgá. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa lóyún, ó sì ń húkọ́. Òfin Èkó ti ọdún 2014, tí Gómìnà Fáṣọlá buwọ́ lù, ka ilé oúnjẹ mọ́ ibi tí wọn ò ti gbọdọ̀ mu sìgá. Àmọ́ ṣé mo fẹ́ lọ pe ọlọ́pàá sí bàbá ni? Wọ́n kúkú ń sanwó oúnjẹ wọn; àwọn tí kì í mu sìgá gan-an ló ń jẹ àwìn!

Mo ń rò ó pé kí n gbé bẹ́ǹṣì kan sí ẹ̀yìnkùlé fún wọn. Ọkọ mi ní wọ́n á gbà pé mo lé wọn ni. Ẹ̀yin tó ń ta oúnjẹ, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ tí kì í fi í dìjà? Ẹ̀yin amusìgá ńkọ́, ọ̀rọ̀ wo ni ò ní bí yín nínú?