Sọ́fúwià kan, ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù mẹ́ta: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn níbí, ní Bódìjà, lèmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣe sọ́fúwià fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù: aláṣọ Gbági, olùkọ́, àti awakọ̀.

Gbogbo wọn ló ń dáwó, tí wọ́n ń yáwó. Ọ̀rọ̀ èlé ló ń dà wá láàmú. Àwọn aláṣọ ń yọ èlé kí wọ́n tó kó owó fún ẹni tó yá a. Àwọn olùkọ́ ń san tiwọn díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn awakọ̀ ò fẹ́ gbọ́ èlé sétí rárá, wọ́n ní ẹ̀sìn àwọn ò gbà á. Kóòdù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la wá ní, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tún ibi onídùúró ṣe nínú ọ̀kan, a tún gbọ́dọ̀ lọ ṣe é nínú méjì yòókù. Ó ń súni jàre!

Mo ti kà nípa feature model (àwòrán ohun tí oríṣiríṣi ẹ̀dà sọ́fúwià kan lè ṣe) tí Kang àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Yunifásítì Carnegie Mellon, ní Amẹ́ríkà, ní 1990: wọ́n ń fi àwòrán bí igi ya ohun tó pọn dandan sọ́tọ̀ kúrò lára èyí téèyàn lè mú tàbí kó fi sílẹ̀, àti èyí tó jẹ́ pé ọ̀kan péré lèèyàn lè mú nínú wọn. Èlé bọ́ sí ti ìkẹta yìí gẹ́lẹ́.

Ṣé kí n ya igi náà kí n tó padà lọ bá àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Bí oníbàárà kan bá sì béèrè ohun tuntun, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ bóyá kó di ti gbogbo wọn? Ẹgbẹ́ kan ní Mọ́kọ́lá tún ti ń pè wá, mi ò sì fẹ́ kọ kóòdù kẹrin.