Àgùntàn nínú oko àjàrà tí a ń fín bàbà sí: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Oko àjàrà ẹbí ni tiwa, hẹ́kítà 3 Chenin (irú àjàrà funfun kan) ní Anjou, nílẹ̀ Faransé, a sì ń fi èso rẹ̀ pọn wáìnì fúnra wa. Bàbà àti imí-ọjọ́ nìkan la ń fín.

Ọ̀tá wa ni mildiou, àrùn ìhù tó ń ba ewé àjàrà jẹ́. Tí ọ̀mùnú bá ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, tí ojú ọjọ́ sì ti kọjá 10°C, òjò mìlímítà 10 ti tó fún àrùn náà láti wọlé: àbàwọ́n bí òróró lójú ewé, lẹ́yìn náà ìhù funfun lábẹ́ rẹ̀. Bàbà kì í wo ewé tó ti kó àrùn. Ó gbọ́dọ̀ ti wà lára ewé kí òjò tó dé, òjò mìlímítà 20 á sì fọ̀ ọ́ dànù. Òfin Yúróòpù ò gbà ju kílò 28 bàbà lọ lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún 7, nítorí náà gíráàmù 200 sí 300 la ń fín lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tó ta kókó ni àgùntàn. A fẹ́ kí wọ́n máa jẹ koríko àárín ìlà láti ẹ̀yìn ìkórè títí àjàrà á fi fẹ́ rúwé. Ṣùgbọ́n bàbà tó kán sí koríko máa ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ wọn, ó sì lè pa wọ́n lójijì. Irú àgùntàn tí wọ́n ń pè ní Texel kò tiẹ̀ fara dà á rárá. Iyọ̀ tí wọ́n ń lá ò ní ní bàbà, ìyẹn dá wa lójú.

Ẹ̀yin tó ń dà wọ́n, òjò mélòó lẹ máa ń jẹ́ kó rọ̀ kẹ́ ẹ tó kó wọn wọlé? Ṣé ẹ máa ń kọ́kọ́ gé koríko àtijọ́ kúrò? Ṣé ẹ máa ń gbé koríko lọ yẹ̀ wò ní láàbù, àbí ẹ̀jẹ̀ àgùntàn gan-an?