Mọ́tò háyà fún ìgbafẹ́ Sátidé láti Ògbómọ̀ṣọ́: àwa méje, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Tákíè:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. A fẹ́ kó àwọn ọmọ jáde ní Sátidé tó ń bọ̀, ká lọ láàárọ̀, ká sì dé kílẹ̀ tó ṣú. Àwa méje ni: bàbá wọn, èmi, ìyá ọkọ mi tí orúnkún ń dùn, àti ọmọ mẹ́rin. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àwọn ìbejì jẹ́ ọdún mẹ́fà, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọdún mẹ́ta. Sienna la fẹ́ gbà ní háyà. Ṣé ká gbà á pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà ni àbí kí bàbá wọn wà á, torí ó ní láísẹ́ǹsì? Kí ni ká yẹ̀ wò ká tó sanwó? Níbo ló dáa jù nínú Òṣogbo, Ọ̀yọ́, Ìlọrin àti òkè Adó-Àwáyè? Epo tó mélòó la máa rà?

Mẹkáníìkì Arówómọlẹ̀:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ètò o. Ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Sienna kan wà tó jẹ́ ti èèyàn méje, àga méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà láàárín rẹ̀. Òmíràn gba mẹ́jọ, àga mẹ́ta ló wà láàárín tiẹ̀. Ẹ̀yin méje pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà ti di mẹ́jọ. Tí onímọ́tò bá ní kí ẹ gbé ọmọ kan lẹ́sẹ̀, ẹ má gbà. Bẹ́líìtì sì ni kí ẹ kà, kì í ṣe àga nìkan. Ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde dé òpin, ẹ ki irin rẹ̀ bọ ẹnu, kí ẹ wá fà á gìrì. Ìlà ẹ̀yìn pátápátá ni bẹ́líìtì ti sábà máa ń há sábẹ́ àga, tàbí kí wọ́n ti gé e sọnù.

Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ni kí ẹ lọ wo mọ́tò náà, kí ẹ sì ti sọ fún wọn kí wọ́n má tíì ṣíná sí i. Ẹ́ńjìnnì tútù kì í purọ́. Ẹ ṣí ìdérí rẹ́díétọ̀ (kó tutù o, tó bá gbóná ó lè bó èèyàn lójú). Omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu, kó sì ní àwọ̀ ewé tàbí pupa bí kúláǹtì ṣe máa ń rí. Tó bá dà bí omi ìpẹtà, omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ń bù sí i, ojú ọ̀nà omi inú rẹ̀ á ti máa dí. Ẹ fa igi tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde. Kó dúdú ò burú. Tó bá rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti ń wọ inú ọ́ìlì, ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó. Ẹ fi mọ́tò yẹn sílẹ̀ fún onímọ́tò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣíná sí i, ẹ tan éésì iwájú àti ti ẹ̀yìn, kó dúró lójú kan fún ogún ìṣẹ́jú. Ọwọ́ tó ń fi ooru hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ kọjá àárín, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ìró fáànù. Mọ́tò tí fáànù rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ lè sáré dáadáa lójú títì, torí atẹ́gùn ń fẹ́ sí rẹ́díétọ̀. Inú gòsílóò ọjà ló ti máa hó.

Táyà wá ni. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára rẹ̀: 2321 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ táyà tòkunbọ̀ ni eyín rẹ̀ ṣì dúró dáadáa tí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbẹ. Tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin, tí ẹ sì rí ìlà wínníwínní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Atẹ́gùn tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ wà lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Ti Sienna sábà máa ń jẹ́ 35 PSI. Àwọn kan máa ń dín in kù kí mọ́tò lè rọ̀ lábẹ́ èèyàn, àṣìṣe ńlá ni. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré máa ń ká bó ṣe ń yí, á gbóná, èèyàn mẹ́jọ á tún wúwo lórí rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń bẹ́.

Ohun kan tí wọn kì í rántí: sípéyà Sienna 2004 sí 2010 kò sí nínú bùútù. Abẹ́ ọkọ̀ ló so rọ̀ sí, okùn wáyà ló gbé e dúró, inú ihò kékeré kan lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń yí i sọ̀kalẹ̀. Eruku àti omi òjò máa ń jẹ́ kí irin yẹn dógùn-ún. Ẹ ní kí wọ́n yí i sọ̀kalẹ̀ lójú yín, kí wọ́n fún un ní atẹ́gùn. Bí kò bá yí ní ọgbà wọn, kò ní yí fún yín lójú títì. Tó bá jẹ́ táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ má sáré ju 80 lọ lórí rẹ̀, fọganáísà tó bá sì sún mọ́ ni kí ẹ yà sí. Jáàkì, sípánà táyà, tíráńgù méjì àti ẹ̀rọ tí ń paná gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ajílété:
Mẹkáníìkì ti sọ ti irin, ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó àti ìwé. Ẹ gbà á pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà. Mi ò sọ pé bàbá àwọn ìbejì ò mọ̀ ọ́n wà. Ìnṣọ́ránsì ni mò ń rò. Èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ mọ́tò háyà ni *third party*, tí owó rẹ̀ fún mọ́tò aládàáni di 15,000 náírà láti oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹlòmíràn tí mọ́tò yín bá ṣe léṣe àti ohun ìní ẹlòmíràn tó bá bàjẹ́ ló ń sanwó fún, ti ohun ìní náà ò sì kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Kò ní san kọ́bọ̀ lórí Sienna tí ẹ gbà. Tí ẹ̀yin bá wà á, tó fi ẹ̀gbẹ́ gbá òpó géètì, àpò yín ni bọ́ńpà àti ọ̀dà máa ti jáde. Tí dẹ́rẹ́bà wọn bá wà á, ìyẹn wà láàárín òun àti ọ̀gá rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé, kí ẹ̀yin àti wọn jọ fọwọ́ sí i: aago tí ọkọ̀ máa dé ẹnu ọ̀nà yín àti aago tí ẹ máa dá a padà, ìlú tí ẹ ń lọ gan-an (iye "inú ìlú" yàtọ̀ sí iye "òde ìpínlẹ̀", Ìlọrin sì ti di Kwárà), ta ló ń ra epo, ta ló ń bọ́ dẹ́rẹ́bà, iye owó ìdógò tí wọ́n máa dá padà àti ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà. Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni tí ọkọ̀ bá kú sọ́nà: ta ló ń san owó ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ, ta ló sì ń wá òmíràn kó yín? Ẹ má sanwó tán kó tó di pé wọ́n dáhùn.

Ẹ wo àwọ̀ lẹ́tà nọ́ńbà ọkọ̀. Pupa ni ti èrò, búlúù ni ti aládàáni. Mọ́tò búlúù tó ń gbowó lè kó yín sí àlàyé gígùn lọ́dọ̀ àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lọ́nà. Ẹ ya fídíò ọkọ̀ yí ká, inú rẹ̀, ojú gééjì epo àti iye kìlómítà, lójú dẹ́rẹ́bà. Ẹ tún ya òmíràn nígbà tí ẹ bá dá a padà.

Arìnrìnàjò Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́:
Ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó yan ibi ìgbafẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ dọ́gba, nǹkan bí 50 sí 60 kìlómítà ni ìkọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ewu wọn ò dọ́gba. Títì Ìlọrin ti pín àlọ àti àbọ̀ sọ́tọ̀. Lọ́nà Ọ̀yọ́, ẹ máa bá ibi tí àlọ àti àbọ̀ ti ń pín ojú títì kan, tírélà sì tò lọ rẹrẹẹrẹ. Fífẹ́ kọjá tírélà mẹ́ta níwájú láìrí ọ̀nà ló ń pa èèyàn níbẹ̀. Fún ìyá àgbà àti ọmọ ọdún mẹ́ta, Ìlọrin ni mo mú: ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìlọrin láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, lẹ́yìn náà ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Dàda, Òkèlele. Ìyá lè jókòó wò wọ́n tí wọ́n bá ń fi ọwọ́ yí amọ̀ ká.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ló tẹ̀ lé e. UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005, àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àtàwọn oníṣọ̀nà ìbílẹ̀ gbé kalẹ̀ níbẹ̀ á ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Ọ̀bọ wà níbẹ̀ o, wọ́n ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ ọmọdé, ẹ fi àpò oúnjẹ sínú ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bu omi odò mu. Adó-Àwáyè ni kí ẹ fi sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí: wọ́n ka àtẹ̀gùn rẹ̀ sí 369 kí èèyàn tó dé adágún Ìyàkẹ̀ lókè. Orúnkún ìyá ò gbọdọ̀ gbọ́.

Ẹ kúrò nílé ní aago méje, ẹ kúrò ní Ìlọrin ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó pẹ́ tán aago mẹ́rin. Tó bá jẹ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ẹ béèrè bóyá ìmọ́tótó wà, kí wọ́n má baà dá yín dúró lẹ́nu ìlú.

Ìyá Ìbejì Tákíè:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Àbíkẹ́yìn máa ń bì nínú mọ́tò, a ò sì ní àga ọmọdé. Ṣé kí n gbé e lẹ́sẹ̀ kí n fi bẹ́líìtì mi dè wá pọ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìlúpéjú:
Rárá o, ìyá wa! Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, gbogbo ìwúwo yín ló máa tẹ ọmọ náà mọ́ bẹ́líìtì. Ẹ yá àga ọmọdé lọ́wọ́ ẹni tó ní, tàbí kí ẹ fi èyí ṣe àdéhùn pẹ̀lú onímọ́tò. Ó tọ́ kí ẹ fi owó kún un nítorí rẹ̀. Àwọn ìbejì lè lo bẹ́líìtì ọkọ̀ tí ẹ ò bá rí ti wọn, ṣùgbọ́n kí ti ìsàlẹ̀ wà lórí egungun ìbàdí, kì í ṣe lórí ikùn, kí ti òkè má sì gba ọrùn kọjá. Ẹ má fi ìrọ̀rí gbé wọn ga, ó máa ń yọ̀. Ẹ̀yìn ni gbogbo ọmọ máa jókòó sí.

Fún èébì: àárín ni kó jókòó sí, kì í ṣe ìlà tó kẹ́yìn, kó máa wo iwájú, kò gbọdọ̀ wo fóònù. Ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀ ní wákàtí kan kí ẹ tó gbéra, kò gbọdọ̀ jẹ àkàrà elépo. Láílọ́ọ̀nù méjì àti aṣọ ìnura kan kó wà lọ́wọ́ yín. Mọ́ínmọ́ín ewé dáa fún ọ̀sán, àmọ́ ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dé e. Ooru tí ẹ bá dé mọ́ ọn ló ń jẹ́ kó tètè kan. Wàrà, ìlú tí ẹ bá dé ni kí ẹ ti rà á. Ẹ má sì fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti pa, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mẹkáníìkì Arówómọlẹ̀:
Mo gbàgbé epo. Àlọ àbọ̀ Ìlọrin pẹ̀lú yíyí ká inú ìlú kò ju nǹkan bí 140 kìlómítà lọ. Sienna tó kún, tí éésì ń ṣiṣẹ́, ẹ ka lítà 15 fún 100 kìlómítà: lítà 21 nìyẹn. Ẹ ra 25. Tí àdéhùn bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe bá gééjì ni kí ẹ dá a padà, ẹ ra èyí tó kù ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ẹ bá dé. Kí nọ́ńbà FRSC (àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó), 122, wà lórí fóònù ẹni méjì nínú yín.