Láti kíláàsì girama dé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí, mo sì fẹ́ máa kọ́ àwọn olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣé oyè másítà nínú lítíréṣọ̀ ni kí n gbà, tàbí ti ẹ̀kọ́ ìkọ́ni?

Ìdáhùn kìíní: Ti ẹ̀kọ́ ìkọ́ni ni. Ẹ má sì gbàgbé ìforúkọsílẹ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀.

Ìdáhùn kejì: Ìwé kíkà gan-an ni kí ẹ dojú ìwádìí másítà yín kọ. Nígbà tí mo lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ NCE (ìwé-ẹ̀rí ìkọ́ni ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́) kan lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni, ọmọ JSS 2 kan ka odidi ìpínrọ̀ ketekete, àmọ́ nígbà tí mo bi í ní ohun tó kà, àjà ló ń wò.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, mà. Mẹ́ta irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní kíláàsì mi.